Sànsíbà ni àbí Bàbédọ̀ọ̀sì?

Ẹ má bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń sunkún nítorí pé wọ́n ní kó wá lọ gbádùn ara rẹ̀ létí òkun. Èmi Tinúadé sunkún. Nílé ìwẹ̀ ni mo ti sun ún, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà ṣàà kí ọkọ mi má baà gbọ́. Nígbà tí mo jáde tó ń wo ojú mi, mo ní ọṣẹ ló kó sí i.

Ọdún 1995 ni. Mayfair tiwa níbí, kì í ṣe ti London, là ń gbé nígbà yẹn, nílé kan tí a háyà, kò jìnnà sí títì tó lọ sí Yunifásítì. Fúnṣọ́ ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn alákòóso níbẹ̀, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti fẹ́ra, a ò tíì gbọ́mọ jó. Kì í ṣe pé oyún kì í dúró o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bàjẹ́ mọ́ mi lára.

Ọkọ mi ní àbúrò kan ní London, Láoyè lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀, torí ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ìlú-Ọba ni mò ń pè é. Ọkọ mi ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, ọmọ náà ò sì gbàgbé rárá. Ó ń bá iléeṣẹ́ kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ṣiṣẹ́. Lọ́dún yẹn wọ́n fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn méjì àti hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú erékùṣù méjì. Àkọ́kọ́ ni Sànsíbà, tó wà létí Tànsáníà. Ìkejì ni Bàbédọ̀ọ̀sì, tó wà lọ́hùn-ún lọ́hùn-ún, lódìkejì òkun. Ó ní òun ò lọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀ ni kó lọ, kí wọ́n lọ sinmi, kí wọ́n gbàgbé èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó wá fi ìwé méjì tó kún fún àwòrán ránṣẹ́ kí a fi yàn.

Ẹ wo irú inú rere bẹ́ẹ̀! Èmi náà ì bá jó yí ilé po. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí ìwé yẹn dé gan-an ni mo mọ̀ pé mo tún ti lóyún.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin obìnrin, ó yé yín. A kì í pariwo oyún láàárín tiwa. A máa ń fi í sílẹ̀ títí ojú á fi rí i fúnra rẹ̀. Mi ò sọ fún ọkọ mi pàápàá. Ẹ má tíì máa wò mí bí obìnrin burúkú, ẹ dúró ná. Èyí tó bàjẹ́ kẹ́yìn, òun ló gbé ìròyìn rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìlódè. Ayọ̀ ló mú un, mi ò bá a jà. Màámi, ìyá ọkọ mi náà, sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pàdé mi lọ́nà, wọ́n ń bá mi yọ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, àwọn kan náà ló dúró tì mí, wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run á fi èyí tó máa dúró rọ́pò. Ojú tì mí, ó sì dùn mí dé egungun. Mo búra lọ́jọ́ náà pé èyíkéyìí tó bá tún wá, ikùn mi ló máa sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu.

Dókítà obìnrin tó yẹ̀ mí wò ní kílíníìkì kan sọ ọ́ fún mi kedere. "Madam, no travelling, no lifting, no stress. Ẹ jókòó sójú kan, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní mo gbọ́. Mo délé, mo bá ọkọ mi tó ti tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì ìjẹun.

"Mú ọ̀kan," ó ní, gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta.

Mo wo Sànsíbà. Iyanrìn ibẹ̀ funfun, òkun rẹ̀ dákẹ́ bí omi inú bàsíà. Àmọ́ tí a bá ti dé Nairobi, ọkọ̀ òfuurufú kékeré la máa wọ̀, irú èyí tó máa ń gbọ̀n rìrì lójú ọ̀run. Mo wo Bàbédọ̀ọ̀sì. Ọkọ̀ ńlá ni títí débẹ̀, ṣùgbọ́n London la máa gbà lọ, ọ̀sán kan àti òru kan lórí ìjókòó, ká tó sọ ti físà tí a máa tò fún l'Ékòó. Èwo nínú méjèèjì ni kí n gbé ohun tó wà nínú mi lọ?

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká rò ó." Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, Ọ̀gá. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pe ọkọ tiwọn ní Bàbá Bọ́lá, Bàbá Dúpẹ́. Orúkọ ọmọ wo ni èmi fẹ́ fi pe tèmi?

Ọgbọ́n tí mo dá ni pé kí n máa fa ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ títí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì á fi kọjá. Ó ní Sànsíbà, mo ní kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí ní Badagry? Ó ní ó dáa, Bàbédọ̀ọ̀sì. Mo ní ṣé kò gbọ́ pé ìjì ń jà lápá ibẹ̀ ni? Mo rò pé mo ti rí i mú. Àfi bí òun náà ṣe bẹ̀rẹ̀! Bó bá ti ń wo ojú mi jù, tí ẹ̀rù bà mí pé ó ti ń fura, tí mo wá ní "Kò burú, Sànsíbà," òun á ní rárá o, ẹ̀fọn ibẹ̀ pọ̀. Tí mo bá ní "Bàbédọ̀ọ̀sì náà dáa," á ní ta ló máa lọ tò fún físà? Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí! Lọ́jọ́ kan mo bínú, mo ju ìwé méjèèjì mọ́ ọn láyà. Ó ṣà wọ́n nílẹ̀, ó gbé korobá, ó lọ pọnmi kún gbogbo dúrọ́ọ̀mù ilé. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ wò ó, omi pípọn ló fẹ́ fi tù mí.

A ò ní fóònù. Ilé Dókítà Èṣùbíyì, olùkọ́ Yunifásítì tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ni Ìlú-Ọba máa ń pè sí lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Pálọ̀ wọn ni fóònù náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Èèyàn gbọ́dọ̀ pariwo kí London tó gbọ́, ohun tí London bá sì gbọ́, Àbíkẹ́ ìyàwó Dókítà àti àlejò tó bá wà níjòókòó náà á gbọ́ ọ.

"Bùọ̀dá mi, èwo lẹ mú?" Sunday kan, ọkọ mi ní a ṣì ń rò ó. Sunday kejì, bákan náà. Nígbà tó yá, ohùn ọmọ náà yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, Sunday tó ń bọ̀ ni ìparí o. Tí ẹ ò bá mú, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún."

Mo dúpẹ́ nínú mi. Sunday kan péré ló kù kí n bọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá ọkọ mi wọ taksí láti Ìlódè wá. Ó mu omi tán, ó tẹjú mọ́ mi.

"Ìyàwó, wọ́n ní o ò fẹ́ bá ọmọ mi lọ."

"Màámi, ẹnu wa ni ò tíì kò."

"Ẹnu yín ò tíì kò." Ó gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án, ẹnu ò tíì kò. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń tú obìnrin lára, àwọn tó mọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ ò bá fẹ́ lọ, àwọn tó máa fẹ́ bá a lọ ò wọ́n."

Ó dùn mí wọra. Ó ku díẹ̀ kí n dìde, kí n fi ọwọ́ lu ikùn, kí n ní Màámi, ọmọ ọmọ yín nìyí! Mo gbé e mì. Ìyẹn gan-an kọ́ ló pa mí. Ọkọ mi tó jókòó síbẹ̀, tó ń wo ilẹ̀, tí kò sọ pé "Màámi, ó tó," òun ló pa mí. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Bí mo bá lọ, oyún yìí náà lè lọ. Bí mi ò bá lọ, ọkọ lè lọ. Mo wá sọ fún ara mi pé Bàbédọ̀ọ̀sì ni, màá jókòó jẹ́jẹ́ nínú ọkọ̀ ńlá, màá máa gbàdúrà títí a ó fi sọ̀kalẹ̀.

Sunday dé. Fóònù dún, ọkọ mi gbé e. Mo ní, "Ẹ fún mi." Ó wò mí, ó fún mi.

"Ìlú-Ọba, ọkọ mi, ẹ kú sùúrù wa. A ti mú un o. Bàbédọ̀ọ̀sì ni. A máa lọ."

Igbe ayọ̀ tí ọmọ yẹn ké ní London, Àbíkẹ́ gbọ́ ọ níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì. Ibi tí mo ti fẹ́ dúpẹ́, ọkọ mi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

"Kò lọ síbì kankan! Láoyè, ṣé o gbọ́? Tinúadé ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú kankan!"

Ọwọ́ Àbíkẹ́ dúró nínú ìrẹsì. Mo wo ọkọ mi. Ó wo ikùn mi lẹ́ẹ̀kan, ó yára gbójú kúrò.

Yéè! Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Sànsíbà tó ń kọ̀, Bàbédọ̀ọ̀sì tó ń kọ̀, ohun tí èmi ń ṣe lòun náà ń ṣe.

A ń gbọ́ ohùn Ìlú-Ọba nínú fóònù. "Kí ló dé? Kí ló ṣe ìyàwó wa?"

Ọkọ mi wo yíká. Àbíkẹ́ ń wò ó, Dókítà ti ká ìwé ìròyìn kúrò lójú.

"Kò sí nǹkan," ó ní. "A kàn rí i pé a ò ní lọ mọ́ ni."

"Bùọ̀dá, ṣé nǹkan tí mo fún yín ni ò tó? Ẹ mọ bí mo ṣe bẹ ọ̀gá mi tó kí wọ́n tó dúró dè yín? Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi."

"Má bínú, àbúrò mi."

"Mo ní kí ẹ sọ ìdí rẹ̀!"

"Má bínú."

"Ó dáa. Mi ò já mọ́ nǹkan kan lójú yín mọ́. Ẹ kú ilé o." Fóònù kú. Ọkọ mi ṣì gbé e mọ́ etí.

Nígbà tí a dé àárín ilé wọn sí tiwa, mo dì í lápá mú. "Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Kí ni mo mọ̀?"

"Ọ̀gá!"

"Mi ò mọ nǹkan kan. Mi ò sì ní sọ nǹkan kan." Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Èyí tí mo sọ lọ́jọ́sí, ṣé o gbàgbé ohun tó fà ni? Nígbà tí Màámi ń sọ̀rọ̀ sí ọ lọ́jọ́ yẹn, bí mo bá lanu pẹ́nrẹ́n, màá sọ ọ́. Ni mo ṣe dákẹ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Wèrè méjì nínú ilé kan!

Láti ọjọ́ náà, Ìlú-Ọba ò pè mọ́. Gbogbo Sunday ni ọkọ mi ń lọ jókòó sí pálọ̀ Dókítà. Fóònù á dún, òun á fò dìde, ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Mo ní kó kọ lẹ́tà. Ó ní irú ọ̀rọ̀ yìí, nínú lẹ́tà? Ó rù, aṣọ rẹ̀ wá ń fẹ̀ lára rẹ̀.

Ikùn mi yọ. Àbíkẹ́ rí i, kò sọ̀rọ̀, ó kàn gba garawa lọ́wọ́ mi. Màámi rí i, òun náà ò sọ̀rọ̀, ẹja ló ń gbé wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹni tó bá rí i á mọ̀, á sì panu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní London, ojú wo ni kó fi rí i? Lọ́jọ́ tí èrò yẹn wọ orí mi, mi ò lè jẹun.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo tẹ̀ lé ọkọ mi lọ. Mo ní kí Dókítà bá mi tẹ nọ́ńbà London.

"Hẹlô?" Ohùn rẹ̀ tutù.

"Ìlú-Ọba, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù."

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyàwó."

"Lọ́jọ́ tí a kọ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, dókítà ti ní mi ò gbọdọ̀ rìnrìn àjò."

"Kí ló ṣe yín?"

Ọkọ mi ti dìde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi. Ẹ̀rù tó ń bà á, ó ń bà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Mo lóyún!" Mo pariwo rẹ̀, London jìnnà. "Ó ti wọ oṣù keje!"

Ẹkún ni mo wá gbọ́, ẹkún ọkùnrin. Ó ní, "Ẹ fún mi ní Bùọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Bùọ̀dá mi."

Mo gbé e fún un. Mo rọra jókòó, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn mú, mò ń dúró kí ọmọ inú mi mira. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé mi ò gbọ́ ohun tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń bára wọn sọ mọ́. Ó wá ta mí nípàá.