Kọ́nà Abẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì

Àwọn èrò tún ń pàtẹ́wọ́ fún Tobin. Verna ń gbọ́ ọ láti inú bọ́ọ̀sì tirẹ̀ tó wà lẹ́yìn. Àwọn àlejò ń sọ̀ kalẹ̀, pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín wà léjìká wọn, oníkálukú sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ìlú Tarrow Creek. Ṣùgbọ́n ti Tobin kì í mọ síbẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyá kan tiẹ̀ fún un ní bisikíìtì.

Verna ti ń gbé àlejò lọ sókè láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní jẹ́léósinmi, kò sẹ́ni tó fún un ní bisikíìtì rí. Owú ń jẹ ẹ́, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ lórí ìyẹn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nebraska, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí ẹní, ló wá ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà Verna. Ọ̀gá wọn, Lyman, sì ti ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, awakọ̀ kan ṣoṣo ló máa kù lọ́nà òkè. Ẹnì kejì á lọ máa kó èrò ní pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í kí awakọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nídìí kọfí, Tobin bi í pé kí ni kóun máa ṣọ́ra fún nígbà yìnyín. Ohun tí gbogbo awakọ̀ ibẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu àgbà ni pé kí wọ́n má dúró ní kọ́nà abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, bó ti wù kí èèyàn juwọ́ sí wọn tó. Ọkọ̀ tó bá dúró lórí òkè yẹn, táyà rẹ̀ á kàn máa yí lásán ni.

"Ṣáà máa rọra," ni Verna sọ. Tobin dúpẹ́ gidigidi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ yìí, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Verna tẹ̀ lé Tobin lọ sókè, ó sì rí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ní kọ́nà, wọ́n ń juwọ́. Tobin dúró. Nígbà tó fẹ́ gbéra, táyà ń yí lásán, ìdí bọ́ọ̀sì yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dí ọ̀nà pa. Inú Verna dùn. Ó dùn gan-an.

Lyman sọ̀rọ̀ lórí rédíò tí gbogbo awakọ̀ ìlú ń gbọ́. "Tobin, ta ló ní kó o dúró síbẹ̀ yẹn? Ṣé wọn ò sọ fún ẹ ni?"

Verna di ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ mú.

"Verna sọ fún mi, ọ̀gá," ni Tobin dáhùn. "Èmi ni mo gbàgbé."

"Ó dáa. O ò ní wakọ̀ lọ́nà yẹn mọ́."

Ọ̀nà òkè ti di ti Verna nìyẹn, ohun tó ń fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àmọ́ irọ́ tí Tobin pa nítorí rẹ̀ ká a lára ju àtẹ́wọ́ lọ. Ọmọ yìí tún ti ṣáájú rẹ̀ nínú ìwà pẹ̀lú. Verna gbé ẹ̀rọ rédíò sẹ́nu.

"Lyman, irọ́ ló ń pa. Ó bi mí, mi ò sọ fún un. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Lyman tún sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

"Kí ló ṣe fún ẹ, Verna?"

"Wọ́n ń fún un ní bisikíìtì."

Ó sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Owú náà ṣì wà láyà rẹ̀, kò lọ síbì kankan. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fa ṣéènì tí wọ́n fi ń di táyà kó má bàa yọ̀ jáde lábẹ́ àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gun òkè náà lọ sọ́dọ̀ Tobin.