Àwo Kejì Tinúadé

Káfíńtà tó kan pósí Tinúadé ló gbé àwo orin náà wá. Ó rù ú lórí bó ṣe máa ń ru pákó, ó sì ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, nítorí àwo náà fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ó kí ìyá, ó kí Ìbídùn, ó ní òun ò ní jókòó.

"Wọ́n ní kí n jíṣẹ́ ni," ó wí. "Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa."

Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un lómi. Ó mu ún, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa kó tó jáde síta, bí àwọn yòókù ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń wọlé.

Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gbogbo ayé ló ti ń retí àwo kejì. Tinúadé ni àkọ́bí ilé náà, Ìbídùn ló tẹ̀lé e, kò sì sí ẹlòmíràn lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Tinúadé ti ṣe àwo kan kó tó kú. Ó mú jáàsì, ó mú orin tí ìyá wọn fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, ó pò wọ́n pọ̀ títí èèyàn ò fi mọ èyí tó jẹ́ àlejò nínú méjèèjì. Dùùrù á máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lábẹ́ ohùn rẹ̀, fèrè sasofóònù á dá sí ọ̀rọ̀ díẹ̀, á tún dákẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn awakọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Àní àwọn alàgbà ìjọ tó ní kì í ṣe orin ọmọlúàbí, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọn kì í bi í mọ́ pé ṣé dáadáa ló jí. "Ìkejì ńkọ́?" ni wọ́n ń bi í. Á rẹ́rìn-ín, á ní ìkejì ń bọ̀. Kó tó wọ sitúdíò ni ibà dé sí i, ibà tí wọ́n pè ní kékeré, ọ̀rọ̀ sì di ti káfíńtà. Níbi ìsìnkú, àwọn àgbà sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Àwọn tó ń sọ ọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ìdágbére lásán ni. Tinúadé ní tirẹ̀ gbà á bí àdéhùn.

Àwòrán rẹ̀ wà lára páálí àwo náà. Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń wò ó, irun rẹ̀ wà ní dídì, ọrùn rẹ̀ gùn bó ṣe máa ń gùn. Ìbídùn yí páálí náà padà kó lè rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló tún rí. Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Ó gbé páálí náà sórí àga, ó fi ìrọ̀rí tì í kó má baà ṣubú.

Kò sí ẹ̀rọ nílé tó lè gba àwo tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni ìyá wọn, ohun tó bá fẹ̀ kì í dẹ́rù bà á. Ó gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì. Àwo náà ń yí. Dùùrù dún. Ìdí abẹ́rẹ́ ni orin ti ń jáde, ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ni aṣọ ti ń jáde, aṣọ dúdú tó ń dán, tó ní ìlà tínrín-tínrín lára.

Orin àkọ́kọ́ jẹ́ èsì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ nínú pósí. Wọ́n ti ní kó má jọ̀kùn, kó má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó máa bá wọn jẹ. Tinúadé wá ń ròyìn fún wọn, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó máa ń dún bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Ó ní kò sẹ́ni tó fi ọ̀kùn lọ̀ òun. Ẹ̀wà ni wọ́n ń sè lọ́hùn-ún, wọn kì í fi iyọ̀ sí i, ó sì ti ń mọ́ òun lára.

Ìyá wọn mi orí. "Kò fẹ́ràn oúnjẹ tí ò níyọ̀ rí," ó wí.

Nígbà tí orin dé ibi tí ègbè yẹ kó ti wọlé, Tinúadé dákẹ́. Dùùrù ń lọ, ó ń dúró de ẹnìkan. Ìbídùn ló ń dúró dè. Láti kékeré, nígbà tí wọ́n ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, Tinúadé ló ń lé orin, Ìbídùn ló ń gbè é. Nínú àwo kìíní náà, òun ni ohùn tó ń dáhùn lẹ́yìn, bí àwọn èèyàn ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Kò lé orin rí láyé rẹ̀, kò sì wù ú. Ẹnu rẹ̀ ti là báyìí, ohùn ti dé ọ̀nà ọ̀fun.

"Pa ẹnu ẹ dé," ìyá rẹ̀ wí, kò gbójú sókè. "Òkú tó bá pe èèyàn, a kì í jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ ti bá a lọ nìyẹn. Ìwọ nìkan lo kù fún mi."

Ìbídùn ki etí gèlè rẹ̀ bọ ẹnu. Orin náà dúró díẹ̀ sí i, kò rẹ́ni gbè é, ó kọjá. Aṣọ tó ń jáde lẹ́yìn abẹ́rẹ́ là sílẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún un, òwú ò mú un.

Bàbá wọn, tó ti kú láti ìgbà tí wọ́n wà nílé-ìwé, gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dín in kù díẹ̀. Kò fẹ́ràn ariwo nígbà tó wà láyé, ikú náà ò sì yí i padà. Wọn kò dá a lóhùn, ó lọ. Bàbá kì í ṣe ẹni tó ṣòro láti má dá lóhùn.

Ògiri sún sẹ́yìn kí fèrè sasofóònù lè ráàyè. Pálọ̀ gùn títí ó fi dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti kó èrò jáde. Àwọn àga húkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí èrò ṣe máa ń húkọ́ kí orin mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá dákẹ́. Àlùmọ́gàjí tó wà lórí tábìlì ní kí wọ́n dárí ji òun, òun ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

"Aṣọ ni mò ń gé," ó wí. "Èmi kì í gé orin."

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Orin kan wà fún ọkùnrin kan tí Tinúadé kò dárúkọ. Òmíràn wà fún eyín rẹ̀ tó kán nígbà tó já bọ́ lórí igi nílé ìyá àgbà. Ó ní òun ti rí eyín náà, wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀. Orin náà panilẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú ilé. Níbi gbogbo tí ègbè yẹ kó ti wọlé, ó ń dákẹ́, ó ń dúró. Ìbídùn ń jẹ gèlè lẹ́nu. Kò gbọ́ àwọn orin náà rí, síbẹ̀ ó mọ ègbè wọn, gbogbo wọn pátá. Kò sí ìyà tó dà bíi kéèyàn mọ ègbè, kó sì jókòó bí odi.

Ìyá ò tíì rí sàréè ọmọ rẹ̀. Àṣà ni, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ìyá àgbà ká a mọ́ yàrá, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń sọ fún un pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìbídùn ló bá àwọn tó lọ sìnkú lọ. Nígbà tó ń bọ̀, ó gba ọ̀nà mìíràn, ó yà sílé aládùúgbò, ó fọ amọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé, kí ìyá má baà rí i pé amọ̀ ibẹ̀ pupa. Ìyá kò bi í ní nǹkan kan. Kò sì tíì bi í di òní olónìí, ìyẹn gan-an ló ń ba Ìbídùn lẹ́rù.

"Mò ń gbọ́ ewé," ìyá wí báyìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, ó ti gbé etí sún mọ́ abẹ́rẹ́. "Lẹ́yìn ohùn ẹ̀. Ìbídùn, ṣé igi wà níbẹ̀ ni?"

Gèlè wà lẹ́nu Ìbídùn. Bí kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, kò ní sọ. Igi wà níbẹ̀ lóòótọ́, igi ìyeyè ńlá kan ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kan tí wọn ò kọ́ parí.

"Èso ń já bọ́ lórí páànù," ìyá tún wí. "Ewúrẹ́ kan ń ké, wọ́n so agogo mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹnìkan ń fa omi. A jẹ́ pé kò jìnnà sílé èèyàn. Mo ti rò pé inú igbó ni."

Ìgbà náà ló yé Ìbídùn pé kì í ṣe orin ni ìyá ń gbọ́. Láti ìgbà tí àwo náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ọ̀nà ló ń wá. Níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n máa ń ti fèrèsé, kí ariwo ayé má baà wọlé. Kò sẹ́ni tó bá Tinúadé ti nǹkan kan. Ibi tó wà náà ló ti kọ ọ́.

"Ó ku orin kan," áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ wí látorí tábìlì.

Aṣọ ti di ẹ̀wù. Ó ní ọrùn, ó ní apá, ṣùgbọ́n ojú rírán rẹ̀ là sílẹ̀ níbi gbogbo tí ègbè ti ṣófo. Bí èèyàn bá gbé e báyìí, á tú ká.

Orin tó kẹ́yìn kò ní dùùrù, kò ní fèrè. Tinúadé nìkan ni, ó sì sún mọ́ wọn débi pé wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó lé e báyìí:

Mo dé o, mo kan ilẹ̀kùn,
Ta ló wà ńlé o?

Ó dákẹ́. Orin yìí kò kọjá bí àwọn tó ṣáájú ti kọjá. Ó tún un lé, ó tún dákẹ́. Ó tún un lé lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi ti ọmọ tó ti ilé-ìwé dé tó bá ilẹ̀kùn ní títì. Omi ń bọ́ lójú Ìbídùn. Ègbè náà ti kún ẹnu rẹ̀, ó ń ti gèlè jáde. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó sì fi ìyókù ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màámi, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró."

"Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó tún kú nìyẹn," ìyá wí. "Ti àkọ́kọ́, ẹ ò jẹ́ kí n débẹ̀."

Ó tú ọwọ́ Ìbídùn kúrò lára rẹ̀, jẹ́jẹ́, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó wo èjìká rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n fún aṣọ.

"Ìwọ má jẹ́ ẹ, ọmọ mi," ó wí. "Pa ẹnu ẹ dé."

Ó wá yíjú sí abẹ́rẹ́, ó gbe orin náà.

Ìyá kò lóhùn orin. Bó bá ń kọrin nínú ìsìn, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì a máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ lábẹ́ àga. Ṣùgbọ́n ègbè náà bọ́ sí i lẹ́nu gééré:

Èmi ni, ìyá rẹ ni,
Mò ń bọ̀ wá ṣí i fún ọ.

Gbogbo ojú rírán pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àga mí kanlẹ̀. Lórí àwo náà, Tinúadé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú kan báyìí, irú èyí tí àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ìbá ti yọ kúrò. Ìyá dìde, ó gbé ẹ̀wù náà wọ̀. Aṣọ oníbàárà ló ti ń rán látọdúnmọ́dún, kò rántí ìgbà tó rán tirẹ̀ kẹ́yìn. Ó bá a mu lọ́rùn, ó bá a mu lápá. Ó dára lára rẹ̀, ìyẹn ló burú jù.

Ó jáde lọ. Ìbídùn ń wò ó látojú fèrèsé. Nígbà tí ìyá dé oríta, kò béèrè ọ̀nà, kò wọ̀tún, kò wòsì. Ó yà sí ọ̀nà igi ìyeyè, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn án rí. Ìbídùn sáré tẹ̀lé e. Àwọn àga ń yà fún un kó lè kọjá, ṣùgbọ́n pálọ̀ ń gùn sí i níwájú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ń jìnnà. Ó fa gèlè yọ lẹ́nu kó lè pe ìyá rẹ̀ padà. Gèlè náà ń jáde, ó ń jáde, kò tán.

Ó jí.

Ọ̀sán gangan ni. Ó wà lórí àga gígùn ní pálọ̀, oòrùn ti yí dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Pálọ̀ kò gùn ju bó ṣe wà lọ. Ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó sì ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tó ti ń sun oorun ọ̀sán.

"Màámi," ó pè.

Ìyá rẹ̀ kì í sun oorun tó wọra. Kéèyàn tó pè é tán ló ti máa ń dáhùn. Kò dáhùn. Ìbídùn tún pè é, ó pè é sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó yẹ kó dìde, kó lọ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò dìde. Ẹ̀rù bà á ju bó ṣe bà á lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ó la ẹnu. Òun tí kò lé orin rí, ó lé e:

Mo dé o, mo kan ilẹ̀kùn,
Ta ló wà ńlé o?

Ó dákẹ́ níbi tí ègbè yẹ kó ti wọlé, ó sì dúró.