Ife Mẹ́rin Lójú Ìyá Ìyàwó

Púlọ́ńbà kì í bẹ̀rù púlọ́ńbà, àfi èyí tó bá ti dẹnu ìfẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀ rí.

Ohun tó dé bá púlọ́ńbà tiwa nìyẹn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kí omi gbígbóná máa ṣàn láti ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná, torí omi gbígbóná ni ìyá fi ń lajú láàárọ̀. Ṣùgbọ́n Arẹwà, púlọ́ńbà tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ọmọ ìyá náà, ti sáré gbé ìgbọ̀nwọ́ páìpù funfun kan wá, ìyẹn ibi tí páìpù ti ń yà. Ìyá gbé e sójú fèrèsé bí ẹni gbé fọ́tò ọmọ sí.

"Àna mi, bí omi mi bá fi lè rùn, Arẹwà ni mo máa pè o. Mi ò sì ní tijú."

Àna wọ ilé ìdáná. Ó gbé ìkòkò omi mẹ́rin kaná. Ó ju ìgbọ̀nwọ́ Arẹwà sínú ọ̀kan, ó ju ìgbọ̀nwọ́ dúdú kan tirẹ̀ sí èkejì, ó ju aláwọ̀ eérú kan sí ẹ̀kẹta. Ó dé gbogbo wọn, ó di ọ̀sán.

Nígbà tó ṣí wọn, ti Arẹwà ti wó bí etí ajá tó ń sùn.

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún yín nígbà yẹn, Màmá. Kò lè gba ooru."

Dúdú àti eléérú ò mira. Ó wá ku ẹnu ìyá. Ẹ má fojú di ẹnu yẹn: bí eṣinṣin bá bà lé ìdérí ìkòkò lánàá, yóò mọ̀ lónìí. Àna bu omi sífe mẹ́rin, kò sọ èwo ni èwo.

Ìyá tọ́ àkọ́kọ́ wò, ó tu ú dànù. "Bàtà tuntun." Dúdú nìyẹn.

Ó tọ́ ìkejì wò. "Èyí dà bí omi ìfọbọ́." Ti Arẹwà.

Ó tọ́ ìkẹta, ó tọ́ ìkẹrin, ó tún padà sí ìkẹta.

"Àwọn méjì yìí, ìkan náà ni. Mi ò rí ìyàtọ̀."

"Eléérú wà nínú ìkan, Màmá. Ìkejì, mi ò fi nǹkan kan sí i."

Ìyá gbé ife kalẹ̀. "O wá jókòó, ò ń wò mí tí mò ń tọ́ omi lásán wò bí ọbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Eléérú ni kó o fi ṣe é. Láàárọ̀ ọ̀la." Ó fi ṣíbí ti ìgbọ̀nwọ́ Arẹwà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Bá mi dá a padà fólówó ẹ̀. Sọ fún un pé ó rẹ ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀."

Ó gbé ife kẹta, ó mu ún tán, kò béèrè èwo ni.