Ibi Tí A Gbé Ojú Rẹ̀ Kọ́

Réwáyà ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, èmi di táblẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ gbé kọ́ síbẹ̀ mú. Ó sàmì àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ sìtíárìn. Mo ní kì í ṣe ibẹ̀. Ó sàmì kejì sí àárín, lókè rédíò. Mo ní kì í ṣe ibẹ̀ náà.

Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi tún iná ọkọ̀ ṣe, ó mọ̀ pé mi ò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé. Gíláàsì iwájú kò dára, oòrùn á yọ́ rọ́bà tó fi lẹ̀ mọ́ ọn, ẹrù á já lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ojú ihò tí atẹ́gùn ẹ́síì ń gbà jáde kò lágbára, fóònù lásán ló lè gbé. Ẹ̀yìn ìjókòó ni àwọn mìíràn ń gbé táblẹ́ẹ̀tì sí, kí ọmọ wọn lè máa wo àwòrán. Ibi tó yẹ awakọ̀ ni ibi tí ojú á ti tètè padà sí títì. Ó ní ojú tó bá rìnrìn àjò tó jìn, kó tó dé, ọkọ̀ á ti wọ gọ́tà.

Mo nawọ́ sí iwájú ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó wò mí. Ó ní abẹ́ ibẹ̀ ni àpò afẹ́fẹ́ wà, èyí tó máa ń bẹ́ jáde bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan. Tó bá bẹ́, ohun tí a bá gbé sórí rẹ̀ á fò lu ẹni tó jókòó síbẹ̀ lójú.

"Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀," ni mo wí.

Òótọ́ ni. Èrò mẹ́ta ni mo ń gbé, ẹ̀yìn sì ni gbogbo wọn ń jókòó. Ní gáréèjì, Bàbá Ẹ̀yìn-Nìkan ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní mò ń tọ́jú ìjókòó iwájú de ọba. Ìyàwó mi ló ni ibẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó síbẹ̀, láàárọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, nírọ̀lẹ́ sílé. Òun ló ń sọ ọ̀nà tí n ó gbà fún mi. Mi ò kì í ṣìnà, àmọ́ ó ń sọ ọ́ náà ni.

Àbígbẹ̀yìn wa bí ìbejì lókè òkun, ìyàwó mi lọ bá a tọ́jú wọn. Oṣù mẹ́ta la pè é. Ó ti di ọdún méjì. Wọ́n ní ó tún ku ọdún kan kí àwọn ọmọ tó wọ iléèwé. Ìgbà tí ìbejì bá sùn nìkan ló ń ráyè pè mí, aago méjì ọ̀sán tiwa sì ni. Lásìkò yẹn, mo ti já àwọn nọ́ọ̀sì tó parí iṣẹ́ àárọ̀ sílẹ̀, mò ń dá nìkan bọ̀ wálé. Mo máa ń gbé fóònù sórí itan, ohùn rẹ̀ á máa jáde bí ti ẹni tó wà nínú kànga.

Réwáyà bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúkú páàkì kí n bá a sọ̀rọ̀ tẹ́rùn. Mo ní nínú ilé, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Inú ọkọ̀ la ti ń sọ̀rọ̀.

Kò jiyàn mọ́. Mo ní kó jókòó síbẹ̀ kí n fi mọ ibi tí ojú ìyàwó mi máa ń wà. Ó jókòó. Mo ní kó rẹlẹ̀ díẹ̀, ìyàwó mi ò ga. Ó rẹlẹ̀.

"Bàbá, ṣé kí n wé gèlè sí i ni?"

Mo ní ká máa bá iṣẹ́ lọ. Ó fi síkúrù mẹ́rin de táblẹ́ẹ̀tì mọ́ ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, aago méjì lù, ojú ìyàwó mi yọ nínú táblẹ́ẹ̀tì. Ibi tó ti máa ń wà náà ló wà. Ó ti rù. Ó ti ń lo awò ojú tí mi ò mọ̀. Mo wò ó. Ó ń sọ bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ṣe bu èkejì jẹ, mo sì ń wò ó.

Ó dákẹ́ lójijì. "Ẹ kọjú síwájú."

Mo kọjú síwájú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dúró, ó kó pákó, pákó náà yọ sẹ́yìn. Mo tẹ bíréèkì tagbáratagbára. Ìbú ọwọ́ kan ló kù kí pákó kan gíláàsì mi.

Mo yà sẹ́bàá títì, mo pa ẹ́ńjìnnì. Òun ò rí pákó. Ojú mi nìkan ló rí.

"Látọjọ́ tí mo ti ń wọ ọkọ̀ yẹn, ẹ ò wò mí níbẹ̀ rí," ló wí. "Èmi ni mò ń wò yín."

"Nígbà yẹn, mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀."

Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún. Ó wá ní kí n yọ òun kúrò níbẹ̀, kí n kọjú òun sí títì. Mo ní mi ò ní rí i mọ́ nìyẹn. Ó ní màá máa gbọ́ òun, òun náà sì ń fẹ́ rí ọ̀nà ilé.

Mo padà sọ́dọ̀ réwáyà. Ó gbé táblẹ́ẹ̀tì sí àárín, lókè rédíò, níbi tó rẹlẹ̀ tí kò ti ní dí mi lójú. Ó ní ojú táblẹ́ẹ̀tì lè kọ sí mi, kí kámẹ́rà ẹ̀yìn máa wo títì, kí kálukú rí ohun tó ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo rò ó. Mo mọ ara mi. Mo ní kó kọ ojú rẹ̀ síta.

"Ẹ̀yìn táblẹ́ẹ̀tì lẹ ó máa wò o, Bàbá."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó pè, ojú rẹ̀ kọ sí títì bí ojú èrò iwájú. Gbogbo ẹni tó ń sọdá níwájú ọkọ̀ ń rí ìyàwó mi. Obìnrin kan tó gbé ọmọ juwọ́ sí i, ìyàwó mi sì kí obìnrin náà bí aládùúgbò. Ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Èmi nìkan ni kò rí i.

"Ẹ yà sọ́tùn-ún."

Mo mọ̀. Mo yà.

Ó ní wọ́n ti kun iléèwé. Ó bi mí ìgbà tí wọ́n gé igi tó wà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ní mi ò kíyè sí i. Ó ní mi ò kì í kíyè sí nǹkan kan. Ó ní kí n rọra, gọ́tà wà lápá òsì. A ń lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi dé ojú géètì wa.

"Ẹ má tíì wọlé," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Mo dúró. Ó wo géètì, ó wo ògiri, ó wo fèrèsé yàrá tí a ti máa ń sùn. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà, ọmọ kan sunkún lọ́dọ̀ wọn, ìpè sì gé.

A ti lo wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dátà tó kù nínú táblẹ́ẹ̀tì náà kò ju ti ọjọ́ méjì irú ìpè yìí lọ. N ó ra sí i kí aago méjì ọ̀la tó lù.