Táyà Yìnyín ní Ọ̀nà Agbamu

“Mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀,” Bàbá Rájí wí. “Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ránṣẹ́ láti Kánádà lo fẹ́ kì bọ inú ẹrẹ̀ yẹn?”

Bùkárì mú ọwọ́ kúrò, ṣùgbọ́n kò kúrò nídìí àwọn táyà náà. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n tò wọ́n léra ní igun pálọ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn bọ̀ láti ìlú òyìnbó ṣì wà lára wọn, aṣọ funfun sì bò wọ́n lórí. Bí àlejò bá wọ ilé yìí ní Agbamu, kó tó jókòó, á ti gbọ́ pé táyà tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín ló ń wò yẹn, Salaudeen ló sì fi ránṣẹ́. Ẹ gbọ́ ná, táyà mà ni o. Táyà ni àgbàlagbà ń nu eruku kúrò lára rẹ̀ láràárọ̀, tí mọ́tò Lánróbà ilé sì wà níta tó ń yọ̀ kiri lórí èyí tó ti jẹ tán.

“Bàbá, oṣù Asisat ti pé,” Bùkárì wí. “Nọ́ọ̀sì ní ìyàwó mi ò gbọdọ̀ bímọ sílé, pé ilé ìwòsàn Òmù-Àrán ni kí n gbé e lọ lónìí. Ẹ mọ bí Òkè Alámọ̀ ṣe ń rí lásìkò òjò. Ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá.”

“Kádàrá nìyẹn. Lọ ra táyà tìrẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Bùkárì dé ọkàn. Ọdún 1984 là ń wí yìí, owó epo rọ̀bì ti gbẹ, ọṣẹ ìfọṣọ pàápàá, orí ìlà ni wọ́n ti ń rà á. Níjẹta ló lọ bá Ọláìyá tó ń lẹ táyà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, méjì péré ni ọkùnrin náà rí fà yọ, ojú táyà méjèèjì sì ti jẹ dán.

“Tó bá jẹ́ títì ọ̀dà lo fẹ́ gbà lọ Ìlọrin, wàá gbádùn eléyìí,” Ọláìyá wí fún un. “Ẹrẹ̀ á kàn dí ojú rẹ̀ pa ni, á wá máa yí lójú kan. Kí ló dé tó ò lo èyí tó wà ní pálọ̀ yín? Èmi fúnra mi rí i. Eyín rẹ̀ jìn, bó bá ṣe ń yí lá máa tu ẹrẹ̀ dànù.”

Ojú ti Bùkárì láti sọ pé baba òun kò fún òun. Ó ní òun á rò ó wò.

Ó jáde sí ìta báyìí, ó lọ jókòó ti Lánróbà. Ràfátù àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni Ràfátù wà, òun ló sì ń ka lẹ́tà fún gbogbo ilé, nítorí Salaudeen ni wọ́n rán lọ síléèwé nígbà náà, ọkọ́ ni wọ́n gbé lé Bùkárì lọ́wọ́.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú sí mi,” ó wí, kò wo ojú rẹ̀. “Ẹ rántí lẹ́tà tó bá àwọn táyà yẹn wá?”

“Ṣebí o kà á fún wa. Ó kí gbogbo ilé.”

“Ibi ìkíni nìkan ni mo kà fún yín. Bàbá ní kí n má ka ìyókù síta.”

Ó tú ìwé náà kúrò ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó sì kà á jẹ́jẹ́: “‘Bàbá mi, táyà yìnyín nìyí. Àwọn tó fẹ̀, tó rẹwà, pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n orí ẹrẹ̀ ni wọ́n máa léfòó sí. Èyí tí kò fẹ̀, tí eyín rẹ̀ jìn, ni mo yàn, kó lè gé ẹrẹ̀ títí á fi kan ilẹ̀ líle. Kí wọ́n má fún un ní atẹ́gùn jù. Ọ̀nà Agbamu ni mo rò tí mo fi rà á. Ẹ fún Bùkárì kó fi sí Lánróbà kí òjò tó le, nítorí oyún ìyàwó rẹ̀.’”

“Ìgbà wo ni lẹ́tà yìí dé?”

“Oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá.”

Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ọmọ Bùkárì kú. Ẹ̀yìn Lánróbà yìí ni Asisat bí i sí, lórí Òkè Alámọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ti mọ́tò láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún ọmọ tí kò sunkún. Oṣù mẹ́rin ni táyà ti wà ní pálọ̀ nígbà yẹn.

“Ẹ̀rù Bàbá ló bà mí,” Ràfátù wí, ó bú sẹ́kún.

Bùkárì kò bá a wí. Ó fi ìbínú dìde. Ó wọ pálọ̀, ó ṣí aṣọ funfun jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn táyà náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Rájí dìde nàró.

“Bùkárì, kí ni kí n sọ fún àwọn tó bá wá wò ó?”

“Ẹ sọ fún wọn pé ẹ bí ọmọ mìíràn yàtọ̀ sí Salaudeen.”

Ó fi jáàkì gbé mọ́tò, ó fi irin tú àwọn ògbólógbòó táyà kúrò, ó fi tuntun sí i, ó sì fi pọ́ọ̀mpù ọwọ́ fún wọn ní atẹ́gùn, kò kún jù. Kí wọ́n tó pe ìrun àílà ọ̀sán, ó ti gbé Asisat jókòó síwájú, wọ́n sì ti kúrò nílé.

Ẹrẹ̀ pupa ti bo Òkè Alámọ̀ látòkè délẹ̀. Lọ́rì akérò kan ti rì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn èrò rẹ̀ sì dúró tì í. Asisat di ojú rẹ̀ pa. Bùkárì ki mọ́tò sí jíà kìíní, táyà gé ẹrẹ̀, ó ń tu ú dànù, ó ń lọ. Kò yọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“Ṣé a ti dé ibẹ̀?” Asisat bi í.

“A ti kọjá rẹ̀.”

Asisat la ojú, ó wo ẹ̀yìn. “Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?”

Bùkárì dá mọ́tò dúró, nítorí omijé kò jẹ́ kó rí ọ̀nà mọ́. Ká ní mọ́tò tún rì ni, òun ì bá gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lọ́dún tó kọjá. Ó sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Asisat fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú.

“Bí eléyìí bá wá láàyè,” ó wí, “ẹ má gbé wa padà sí ilé yẹn.”

“Mi ò ní gbé yín padà.”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ki mọ́tò sí jíà, wọ́n sì kọjú sí Òmù-Àrán.