Ọ̀já Tó Mú Ẹ̀gbọ́n Mi Jókòó

Wọ́n ní ẹnu mi mú ju abẹ lọ. Kó máa mú nìṣó. Èmi Dolkar ni mò ń se tíì oníbọ́tà fún ẹ̀gbọ́n mi, Choedar, látọjọ́ tó ti fi nǹkan ayé sílẹ̀ fún àṣàrò lórí òkè Dharamsala ní Íńdíà. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ?

Marit, dókítà òyìnbó tó ń wádìí ohun tí àṣàrò ń ṣe fún ọpọlọ, ló dé e ní fìlà oníwáyà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ tó ń ka iṣẹ́ ọpọlọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, orí sì ń fọ́ ọ, àmọ́ ó ní òun á ṣe é. Ó fi ọ̀já àṣàrò de ẹ̀yìn àti orúnkún pọ̀, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe kí ara má baà yẹ̀, ó sì dijú.

Nígbà tó yá, ìlà inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ó ń falẹ̀. Marit fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Ẹ wo ìgbì ọpọlọ ẹ̀! Bí ọkàn bá ṣe ń balẹ̀ ló ṣe máa ń rọra. Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ apá òsì nìkan?"

"Choedar ti wọlé lọ jìnnà ni," Gen Rabten, olórí ilé ìsìn wa, dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín.

Èmi ò wo ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wò. Itọ́ ń ṣàn létí ẹnu ẹ̀.

"Gen, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jí i. Ara ẹ̀ ò yá."

"Háà, Dolkar! A kì í fọwọ́ kan ẹni tó wà nínú àṣàrò. Ṣé o fẹ́ bayé ẹ̀ jẹ́ ni?"

"Itọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ọmọ ọwọ́ náà ń da itọ́ tó bá sùn dáadáa. Lọ gbé tíì wá, jàre."

Wọ́n lé mi síta. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, tí mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀.

Ìgbà tí ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ ni Marit tó kígbe. Mo sáré wọlé. Bó ṣe tú ọ̀já báyìí, ẹ̀gbọ́n mi wó lulẹ̀ bí àpò ọkà bálì. Ó ti kú. Ẹ̀yìn náà la wá mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló ti ń kó jọ sínú orí ẹ̀ látìgbà tó ti ṣubú. Ká ní kò sí ọ̀já yẹn ni, ì bá ti wó níṣojú wọn, wọn ì bá sì ti gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Mo fi igbe ta. Gen Rabten di ọwọ́ mi mú.

"Má sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, Dolkar. Wàá da ọkàn ẹ̀ láàmú lọ́nà ayé tó ń bọ̀."

"Ìgbà tó yẹ ká dà á láàmú, ẹ ò jẹ́!"

Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo gbá orí Choedar mọ́ra, mo sì ń pe orúkọ ẹ̀ sí i létí títí ohùn mi fi há.