Ẹja Tí Ràhímátù Ń Sìn

Ẹja tí àwọn ará Mahintedo mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń yan, tí wọ́n ń tà. Nígbà tí Ràhímátù gbé àpótí gíláàsì wọ ilé ọkọ rẹ̀, tí ẹja pupa wẹ́wẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ta ló ń sin ẹja tí kò ní jẹ?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Wàrí ló fún un, òun ló sì kọ́ ọ pé omi ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí à ń dà lé ẹja lórí bẹ́ẹ̀. Kílórínì tó ń pa kòkòrò inú rẹ̀ fún èèyàn, ẹja ló ń pa. Nítorí náà, Ràhímátù a máa pọn omi sínú báàfù kalẹ̀ láìdé e, á jẹ́ kó sùn mọ́jú. Bí kò bá ráyè, á kán oògùn tó ń pa agbára kílórínì, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un, sí i. Díẹ̀díẹ̀ ló sì ń pààrọ̀ omi, kì í dà á nù tán. Ó kọ́ ọkọ rẹ̀, Ìsìmáílà, tó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, kó lè bá a tọ́jú wọn bí òun bá rìnrìn àjò.

Màmá Ìsìmáílà ló fẹ́ràn ẹja náà jù. Òkun ti gba ilé rẹ̀ ní Ayétòrò, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wá forí pamọ́ sí. Iwájú gíláàsì yẹn ló ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ kan, Màmá lọ kí aládùúgbò. Ìsìmáílà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Moríkẹ́ ṣe ìyàwó kejì.

"Ó dáa," ni Ràhímátù wí. "Ẹ jẹ́ kí n mọ ìgbà tó máa dé, kí n lè gbá yàrá."

Ẹkún ni ọkùnrin náà ń retí. Kò rí i. Ó dìde, ó gbọ́n omi inú àpótí náà dànù, ó fa rọ́bà láti ẹnu ẹ̀rọ, ó sì ń rọ omi tuntun lé ẹja lórí. Ràhímátù sáré sídìí báàfù omi tó ti sùn, kó lè kó wọn sínú rẹ̀. Ìsìmáílà fi ẹsẹ̀ dà á nù.

"Jókòó," ló wí. "Máa wò wọ́n."

Ó jókòó. Àwọn ẹja gòkè, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n wá ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí omijé Ràhímátù jábọ́, Ìsìmáílà lọ fọwọ́, ó ní kó gbé oúnjẹ òun wá.

Nígbà tí Màmá dé, ó bá ọmọ rẹ̀ wí, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí tirẹ̀ ni Ìsìmáílà ṣe wá ẹja mìíràn. Ó pọn omi ẹ̀rọ kún àpótí, ó ní kí Ràhímátù kán oògùn sí i.

"Ṣé o ti kán an?"

"Mo ti kán an."

Kò kán nǹkan kan. Ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ náà máa wo ẹja bí wọ́n ṣe ń kú.

Inú Màmá dùn. "Ràhímátù, wá wo èyí. Ó dà bí ẹni tó mọ̀ mí."

Kò pẹ́, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí la ẹnu lójú omi. Ràhímátù kò wo ẹja, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ìsìmáílà bojú wo inú gíláàsì, ó gbọ́n èjìká, ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sétí odò. Màmá ló kúnlẹ̀ tó ń fi ìka rẹ̀ kan gíláàsì pẹ́pẹ́pẹ́, tó ń bẹ̀ wọ́n. Ìgbà yẹn ni Ràhímátù sáré lọ mú oògùn wá. Ẹyọ kan kò yè.

Màmá rí ìgò oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. "O ní o ti kán an."

"Mo parọ́, Màmá."

"Kí ni èmi ṣe fún ọ?"

Láti ọjọ́ náà, arúgbó yẹn kò jẹ́ kí Ràhímátù bu omi àlùwàlá fún òun mọ́. Nígbà tí Moríkẹ́ sì wọlé, òun ni Màmá ń pè ní ọmọ mi.